Láti Àárín Pápá Dé Ìdí Iṣẹ́ Kóòṣì: Bí O Ṣe Lè Tọ Ọ̀nà Paul Lambert

Ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1997, pápá Olympiastadion nílùú Munich. Juventus ló gba Champions League lọ́dún 1996, wọ́n sì tún ti dé àṣekágbá. Zinedine Zidane ni ọpọlọ wọn: ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ń gbà kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn atamátàsé. Ottmar Hitzfeld, kóòṣì Borussia Dortmund, fi ọmọ Scotland kan tì í. Paul Lambert lorúkọ rẹ̀, ọmọ bíbí ìlú Paisley, ẹni ọdún 27, tí Dortmund gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún 1996 nígbà tí àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú Motherwell parí. Dortmund gbá 3, Juventus gbá 1. Ní ìṣẹ́jú 29, Lambert náà ló gbé bọ́ọ̀lù láti apá ọ̀tún wọ inú àpótí, tí Karl-Heinz Riedle fi àyà gbà á, tó sì gbá a wọlé.

St Mirren ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì gba ife Scottish Cup pẹ̀lú wọn lọ́dún 1987 nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 17. Ní Motherwell, iwájú ló máa ń sún sí. Dortmund ló sọ ọ́ di ẹni tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà àwọn adìlémú. Nígbà tó sì di kóòṣì, iṣẹ́ yẹn kan náà ló ń ṣe láti ẹ̀gbẹ́ pápá: kó rí ibi tí ewu fẹ́ gbà yọ kó tó yọ. Fún ẹni tó ń gbá àárín lónìí tó sì fẹ́ máa kọ́ni lọ́la, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Dídúró ti nọ́ńbà 10

Nọ́ńbà 10 ni ẹni tó ń darí ìkọlù lẹ́yìn àwọn atamátàsé, bíi Zidane. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ọmọ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn bí ìgbà tí wọ́n pọ̀n ọ́n. Ohun tí agbábọ́ọ̀lù tó mọṣẹ́ ń fẹ́ nìyẹn. Á fi ẹ̀yìn wá ara rẹ, á mọ apá ibi tí o fì sí, á sì gba apá kejì yí kọjá. Kò tiẹ̀ ní í wò ọ́ kó tó ṣe é, nítorí ara rẹ ti sọ ibi tí o wà fún un.

Ibi tí bọ́ọ̀lù wà ló ń sọ bí o ṣe máa jìnnà sí i tó. Bí bọ́ọ̀lù bá ṣì jìnnà ní nǹkan bíi mítà 30, jẹ́ kí mítà 3 wà láàárín yín. Bí ẹni tó fẹ́ gbá páàsì bá ti gbé orí sókè wò ó, sún mọ́ ọn dé mítà kan àtààbọ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò lẹ́sẹ̀, sáré sún mọ́ ọn títí ọwọ́ rẹ á fi lè kan ẹ̀yìn rẹ̀. Ìgbà tí bọ́ọ̀lù wà lójú ọ̀nà gan-an ni àkókò rẹ, torí pé nígbà yẹn ojú rẹ̀ wà lára bọ́ọ̀lù, kò sì lè wo ọ̀dọ̀ rẹ. Tó bá ti gbà á tán, tó sì ti kọjú sí ọ, dúró. Má ju ẹsẹ̀ sí i. Máa fi ìgbésẹ̀ kékeré padà sẹ́yìn, darí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà, kí ẹlòmíràn ráyè wá ràn ọ́ lọ́wọ́.

Bí ara ṣe dúró náà ṣe pàtàkì. Má kọjú sí i tààrà. Fi èjìká kan sí apá ibi tí bọ́ọ̀lù wà, fi èkejì sí apá ẹni tí o ń ṣọ́, kí o lè rí àwọn méjèèjì láìṣe pé o ń yí ọrùn kiri. Ẹsẹ̀ kan níwájú, èkejì lẹ́yìn, orúnkún tẹ̀ díẹ̀, gìgísẹ̀ gbéra nílẹ̀. Ẹni tó bá fi gìgísẹ̀ tẹlẹ̀ máa ń pàdánù ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn ló sì ń gba bọ́ọ̀lù. Ní gbogbo ìgbà, wà láàárín òun àti ojú ilé, àyàfi tó bá dá ọ lójú pé o máa já bọ́ọ̀lù gbà lójú ọ̀nà. Iyèméjì kékeré báyìí, padà sẹ́yìn rẹ̀.

Ohun kan wà tó ń da ọ̀pọ̀ láàmú: nọ́ńbà 10 á padà lọ gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ àwọn adìlémú rẹ̀. Ṣé kí o tẹ̀ lé e? Rárá. Tí o bá tẹ̀ lé e dé ìdajì pápá wọn, o ti ṣí iwájú àwọn adìlémú tìrẹ sílẹ̀ gbayawu, ẹlòmíràn nínú wọn á sì sáré wọ ibẹ̀. Ké sí atamátàsé rẹ kó gbà á lọ́wọ́ rẹ, ìwọ padà sí ipò rẹ, kí o sì múra sílẹ̀, torí ó ń bọ̀ wá. Ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe kókó níhìn-ín. “Gbà á!” kò tó. Pe orúkọ, kí o sọ apá: “Ṣeun, òsì, gbà á!” Bí ẹ bá dákẹ́, ẹni méjì á sáré tẹ̀ lé e tàbí kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ lé e.

Ìdárayá méjì tí o lè ṣe lọ́sẹ̀ yìí

Èkíní wà fún ojú. Fi kọ́ọ̀nù 4 ṣe igun mẹ́rin, mítà 12 sí mítà 12. Ẹni kan dúró láàárín. Ẹni méjì dúró ní òdìkejì ara wọn pẹ̀lú bọ́ọ̀lù kan. Ẹni kẹrin wà lẹ́yìn ẹni àárín, ó mú bíìbù (aṣọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí kò lápá) pupa ní ọwọ́ kan àti bíìbù aláwọ̀ ewé ní ọwọ́ kejì, á sì máa yí lọ sẹ́yìn rẹ̀ nígbàkígbà tí ojú bá yí padà. Bí páàsì bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹni ẹ̀yìn á gbé bíìbù kan sókè, ẹni àárín á sì pe àwọ̀ náà síta kí bọ́ọ̀lù tó kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ pupa, ẹnì kan ti wà lẹ́yìn rẹ̀ nìyẹn: kó dá bọ́ọ̀lù padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ aláwọ̀ ewé, àyè wà: kó fi ẹsẹ̀ tó jìnnà sí bọ́ọ̀lù gbà á, kó yí, kó sì gbá a sí ẹni òdìkejì. Ìṣẹ́jú àáyá 45, kó sinmi 45, ẹ̀ẹ̀mẹfà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Wo orí rẹ̀ dáadáa bó ṣe ń ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mejì ló yẹ kó wẹ̀yìn: nígbà tí bọ́ọ̀lù ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa gbá a, àti nígbà tí ẹni náà ń fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn láti gbá a. Ọ̀pọ̀ ọmọ á wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù ti gbéra. Ìyẹn ti pẹ́ jù, ìgbà tó bá fi rí àwọ̀, bọ́ọ̀lù ti gbá a lẹ́sẹ̀ ó sì ti fò lọ.

Èkejì wà fún dídúró ti ènìyàn. Ya ilẹ̀ tó gùn ní mítà 20, tó fẹ̀ ní mítà 10. Ẹni tó ń pín bọ́ọ̀lù wà ní òpin kan pẹ̀lú bọ́ọ̀lù 8, ẹnu ọ̀nà kékeré méjì wà ní òpin kejì, nọ́ńbà 10 àti ẹni tó ń ṣọ́ ọ wà láàárín. Nọ́ńbà 10 gbọ́dọ̀ gba bọ́ọ̀lù, kó yí, kó sì gbá a wọ ọ̀kan nínú ẹnu ọ̀nà méjèèjì láàárín ìṣẹ́jú àáyá 8. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ gba àmì 1 bí nọ́ńbà 10 bá fi dandan dá bọ́ọ̀lù padà, àmì 2 bó bá já a gbà lójú ọ̀nà, ó sì pàdánù àmì 2 bó bá fa aṣọ tàbí tì í. Bọ́ọ̀lù 8 tán, kí wọ́n pààrọ̀. Ìjìyà tó wà fún fífa aṣọ yẹn, má ṣe yọ ọ́ kúrò. Lójú wa, òun ló wúlò jù nínú ìdárayá náà: ẹni tó bá gba káàdì yẹ́lò ní ìṣẹ́jú 15 ti di ẹlẹ́rù pẹ̀lẹ́ fún ìṣẹ́jú 75 tó kù.

Bọ́ọ̀lù ti bọ́ sí ọ lọ́wọ́, kí ló kàn?

Bọ́ọ̀lù tí Riedle fi gbá góòlù àkọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè yìí. Kọ́nà ni wọ́n gbá, Juventus lé e jáde, Lambert sì wà níbi tí bọ́ọ̀lù bọ́ sí, tó gbé e padà sínú àpótí kí àwọn adìlémú tó tò padà. Ẹni tó ń ṣọ́ àárín kò gbọ́dọ̀ sáré wọ inú àpótí nígbà kọ́nà. Ibi tirẹ̀ ni etí àpótí, torí ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá lé máa ń bọ́ sí, ibẹ̀ náà sì ni ìkọlù òjijì ti máa ń bẹ̀rẹ̀ tí kò bá sẹ́ni tó dúró síbẹ̀.

Nínú eré gidi, páàsì àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí o bá gba bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ kúrò nínú èrò. Àwọn mẹ́ta ló sáré bọ̀ lórí rẹ nígbà yẹn. Gbá a sí ẹni tó kọjú síwájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mítà 5 péré ni. Ẹni tó bá fẹ́ fi páàsì mítà 40 ṣe àṣehàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tó gba bọ́ọ̀lù máa ń dá a padà fún wọn.

Lambert fi irú eré yìí sin Celtic láti oṣù Kọkànlá ọdún 1997 títí di 2005. Ó di balógun wọn, ó gba líìgì Scotland ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó sì gbá àṣekágbá UEFA Cup lọ́dún 2003 nílùú Seville, níbi tí Porto ti fi 3-2 borí wọn lẹ́yìn àfikún àkókò. Ìgbà 40 ló wọ aṣọ Scotland.

Gbígba ìwé ẹ̀rí kóòṣì

Má dúró dìgbà tí orúnkún bá sọ pé ó tó. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ lè máa kọ́ àwọn ọmọdé lọ́jọ́ tí kò sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún òun fúnra rẹ̀. Jámánì ni Lambert padà lọ láti gba ìwé ẹ̀rí tirẹ̀, kì í ṣe Scotland nìkan ni wọ́n ti ń gbà á. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ará Scotland, ọwọ́ Scottish FA, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ náà, ni wọ́n ti ń gbà á, ilé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Largs, ìlú kan létí òkun ní ìwọ̀ oòrùn orílẹ̀-èdè náà, sì lókìkí tó bẹ́ẹ̀ tí José Mourinho fi wá kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀.

Ìpele mẹ́rin ni UEFA, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù, ní, ìkọ̀ọ̀kan sì ní iye wákàtí tó kéré jù: C jẹ́ wákàtí 60, B jẹ́ 120, A jẹ́ 180, Pro jẹ́ 360. O kò lè fo ọ̀kan lọ bọ́ sí èkejì bó ṣe wù ọ́. Ọdún 3 ni ìwé ẹ̀rí máa ń lò, o sì gbọ́dọ̀ ṣe àfikún ẹ̀kọ́ wákàtí 15 láàárín ọdún 3 náà kí wọ́n tó sọ ọ́ dọ̀tun. Ẹni tó bá wà ní Nàìjíríà, Benin tàbí Togo, àkàbà CAF, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà, ni tirẹ̀: D, C, B, A, Pro.

Ohun tó ń gbé àwọn tó ti jẹ́ agbábọ́ọ̀lù gidi ṣubú nígbà ìdánwò ni ọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n á fọn fèrè, wọ́n á dá eré dúró, wọ́n á wá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, ara àwọn ọmọ á ti tutù. Bí o bá fẹ́ dá eré dúró, kó má ju ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30 lọ. Sọ gbólóhùn kan nípa ohun tí o rí. Rìn lọ sí ibi tó yẹ kí ọmọ náà dúró sí, kí o dúró síbẹ̀ kó rí i. Jẹ́ kí wọ́n tún ìṣẹ̀lẹ̀ náà ṣe pẹ̀lú ìrìn. Lẹ́yìn náà, kí eré máa lọ. Má dá eré kan náà dúró ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ ní ìṣẹ́jú 20, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù fún ojú rẹ dípò kí wọ́n gbá a fún eré.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ máa ń fọ́ mọ́ni lọ́wọ́

Livingston ni Lambert ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2005. Kò pé ọdún kan. Ní oṣù Kejì ọdún 2006 ó fipò sílẹ̀, nígbà tí ẹgbẹ́ náà wà nísàlẹ̀ tábìlì. Wycombe, nínú League Two, ìpele kẹrin líìgì ilẹ̀ England, ló gbà á lẹ́yìn náà, ó sì gbé wọn dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá League Cup ní sáà 2006-07. Wọ́n bá Chelsea ta ọ̀mì 1-1 nílé kí Chelsea tó fi 4-0 lé wọn ní Stamford Bridge. Ohun tí a fẹ́ kí o rí nìyí: ìpele ìsàlẹ̀ ló padà sí láti lọ kọ́ iṣẹ́. Orúkọ tó ní, àmì ẹ̀yẹ Champions League tó ní, kò fi wọ́n wá iṣẹ́ ńlá.

Colchester ló tẹ̀ lé e, lọ́dún 2008. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 2009, ọjọ́ àkọ́kọ́ sáà, Colchester lọ bá Norwich City nílé wọn ní Carrow Road, Colchester sì fi 7-1 na Norwich. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, Norwich ti gba Lambert fúnra rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó jẹ 7-1 yẹn ló gba ife League One (ìpele kẹta) ní òpin sáà kan náà, pẹ̀lú àmì 95. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣe ìkejì nínú Championship (ìpele kejì), wọ́n sì bọ́ sí Premier League, níbi tí wọ́n ti parí ní ipò 12 lọ́dún 2012.

Bí o bá gba iṣẹ́ tuntun, mú ẹnì kan tàbí méjì tó ti mọ èdè rẹ lọ́wọ́. Russell Martin ti gbá bọ́ọ̀lù fún Lambert ní Wycombe, Lambert sì mú un wá sí Norwich láti Peterborough. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa ń túmọ̀ ohun tí o fẹ́ fún àwọn tó kù nínú yàrá ìmúra, nígbà tí o kò sí níbẹ̀.

Dáyámọ́ńdì

Ètò tí Norwich fi ta yọ nígbà náà ni dáyámọ́ńdì: ẹni kan nísàlẹ̀ níwájú àwọn adìlémú, méjì ní ẹ̀gbẹ́, ẹni kan lókè lẹ́yìn àwọn atamátàsé méjì. Wes Hoolahan ló máa ń wà lókè, Grant Holt sì jẹ́ balógun níwájú. Ètò náà dùn, torí ẹni mẹ́rin wà láàárín níbi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ní méjì. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ pápá ni àlébù rẹ̀ wà, àwọn bẹ́ẹ̀kì (adìlémú ẹ̀gbẹ́) alátakò á sì máa gbé bọ́ọ̀lù wá láti ibẹ̀.

Báyìí ni kí o ṣe é. Jẹ́ kí mítà 10 sí 12 wà láàárín ẹni kan àti èkejì. Bí bọ́ọ̀lù bá lọ sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹni òsì nìkan ló máa jáde lọ pàdé bẹ́ẹ̀kì. Ẹni ìsàlẹ̀ á sún sí òsì láti gba ipò tó fi sílẹ̀, ẹni ọ̀tún á wọlé sí àárín gan-an, ẹni òkè á sì padà wá dúró ti ẹni tó ń ṣọ́ àárín fún àwọn alátakò. Gbogbo wọn gbéra nígbà tí bọ́ọ̀lù wà lójú ọ̀nà. Bí ẹni ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá jáde lẹ́ẹ̀kan náà, dáyámọ́ńdì ti di ìlà tínrín, ẹni ìsàlẹ̀ á sì dá nìkan wà pẹ̀lú àwọn mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀kì tìrẹ náà, ọ̀kan ṣoṣo ni kó máa gòkè lẹ́ẹ̀kan. Fi okùn so àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ ní ìbàdí, okùn mítà 12, kí wọ́n máa rìn tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù tí o ń gbé káàkiri lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú 6 péré, ara wọn á mọ ìjìnnà náà ju bí o ṣe lè ṣàlàyé ẹ̀ lórí pátákó lọ. Ìrìn nìkan o, má jẹ́ kí wọ́n sáré pẹ̀lú okùn.

Kọ́nà

Ní Aston Villa, láti 2012 dé oṣù Kejì ọdún 2015, ni nǹkan ti le. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2012, Chelsea fi 8-0 nà wọ́n. Èyí tó dunni jù ni League Cup sáà yẹn: Bradford, ẹgbẹ́ League Two bíi Wycombe ìgbà kan, ló lé Villa jáde ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá, 4-3 ní àpapọ̀. Orí ni Bradford fi gbá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọlé, láti ibi kọ́nà.

Nítorí náà, yà ìṣẹ́jú 15 sọ́tọ̀ fún kọ́nà lọ́jọ́ tó ṣáájú eré. Ẹni kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó tó súnmọ́. Mẹ́ta tó mọ bí a ṣe ń fi orí gbá bọ́ọ̀lù jù lọ dúró lórí ìlà àpótí kékeré, wọn kò ṣọ́ ẹnikẹ́ni, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń lé. Mẹ́ta mìíràn dúró níwájú wọn láti dí àwọn tó ń sáré bọ̀ lọ́nà, àyà sí àyà, láì di aṣọ mú. Ẹni kan ní etí àpótí. Ẹni kan jáde lọ bá kọ́nà kúkúrú. Ẹni kan níwájú, kí àwọn adìlémú wọn má bàa gòkè tán. Gbá kọ́nà 10 láti apá kìíní, 10 láti apá kejì, kí àwọn tó ń kọlù máa yí bí wọ́n ṣe ń sáré padà. Àwọn mẹ́ta orí ìlà gbọ́dọ̀ máa fò síwájú pàdé bọ́ọ̀lù. Bí o bá rí i pé ẹnì kan ń fò sókè lójú kan níbi tó dúró sí, yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ kí ọjọ́ eré tó kò.